Ọmọ Tí Awò Gbé Mì

Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ ná. Mo ní kí ẹ gbé e sílẹ̀! Ìwọ ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Mọ́rẹ̀nikẹ́, mo rí ọ. O ní o ti pa á, àmọ́ iná pupa kan ṣì ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀ bí ojú olè tí wọ́n ká mọ́ inú àká. Pa á. Ìwọ náà, Gbádébọ̀, sọ èyí tó ń fò bíi lámilámi yẹn kalẹ̀ kí n tó fi ìbọn já a bọ́. Ẹ ní ẹ wá láti ìlú ńlá láti ya èmi Ọdẹ́rínlọ, kí ayé lè mọ̀ pé irú mi ti wà rí. Ó dára. Bí mo bá sọ ìtàn mi tán, ẹ ya mí títí ẹ̀rọ yín yóò fi lóyún.

"Bàbá, ohùn yín gan-an la fẹ́ gbà," Mọ́rẹ̀nikẹ́ ní. "Ẹ̀rọ yìí ń gba ohùn. Bí èèrà bá wúkọ́ nínú ihò, yóò gbà á."

Ohùn? Hẹn. A óò padà síbẹ̀.

Ṣé ẹ ti mu omi tí ọmọ gbé wá? Ẹ mu ún.

"Ẹ̀rín ọmọ-ọmọ yín mà dùn o, Bàbá," Gbádébọ̀ ní. "Láti ìgbà tí a ti dé ló ti ń rín in."

Kì í ṣe ọmọ-ọmọ mi. Ọmọ mi ni.

"Háà! Bàbá, ní ọjọ́ orí yín yìí?"

Kí ló ṣe ọjọ́ orí mi? Ògbólógbòó ìbọn ló ń dún jù. Mu omi rẹ, kí o sì gbọ́ mi.

Èmi ni Ọdẹ́rínlọ ọmọ Ọdẹ́tóyè. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Ní ọdún kẹrin mo fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú fìlà tíṣà, tíṣà dé e, ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìsìn lórí rẹ̀, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Mo gba igbó lọ, nítorí igbó kò ní tíṣà. Ẹkùn tí mo bá wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni í kú. Mo yìnbọn lu efọ̀n kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọta náà gba ara efọ̀n kọjá, ó pa ìgalà ní ìlú kejì, ó pa àparò ní ìlú kẹta, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló tó padà wá bá mi nílé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kí n fún òun lómi. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa nísinsìnyí tí ó ṣì rọrùn fún yín.

Ìyàwó mi bí ìbejì, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Ibà ọ̀sẹ̀ kan ló mú Táyé lọ ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ku Kẹ́hìndé. Ẹ̀yin ọmọ ìlú ńlá lè má mọ̀ ọ́n mọ́: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, a kì í ṣe ti èyí tó wà ká gbàgbé ti èyí tó lọ. Aṣọ tí a bá rà fún ọ̀kan, a ó ra irú rẹ̀ fún èkejì. Láyé àtijọ́ ère la ń gbẹ́. Nígbà tí ayàwòrán dé, a ó gbé èyí tó wà síwájú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú aṣọ èkejì rẹ̀. Ayàwòrán a wá lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọn a jókòó ti ara wọn bí ẹni pé ikú kò mọ ilé wa. Àwòrán jẹ́ẹ́ ni. Kì í mira. Kò pa ẹnikẹ́ni lára rí.

Àfi èmi tí mo ní jẹ́ẹ́ kò tó.

Ọdún kejì ikú Táyé ni Bísíríyù dé abúlé wa, ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, tó di kámẹ́rà sinimá mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó ń fi wọ́n hàn mí bí ìyàwó ilé ṣe ń fi ọmọ hàn. "Èyí, Bàbá ọdẹ, ti baba mi ni. Ọwọ́ la fi ń yí i bí ẹ̀rọ ìlọta. Bí ọwọ́ bá falẹ̀, àwọn èèyàn inú àwòrán a máa sáré kítikìti bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Ìkejì yìí, à ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bí ti aago, ó ń rìn fúnra rẹ̀. Tuntun yìí, bátìrì ló ń jẹ. Ẹ wo awò ojú rẹ̀. Bí mo bá yí ọrùn rẹ̀ báyìí, ẹyẹ orí ìrókò yóò wá bà lé imú yín láìkúrò lórí ìrókò."

Ó ní kí n wo gíláàsì ẹ̀yìn èyí tó dàgbà jù nínú wọn. Mo wò ó, mo sì ké! Gbogbo abúlé ti dojú dé. Ìyá Ìbejì ń fi orí rìn lọ sódò. Ewúrẹ́ mi so rọ̀ lójú ọ̀run, ó ń jẹ koríko. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Bísíríyù kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, gbogbo èèyàn ló ń rí i pé ó dojú dé," ó ní. "Kò sí ẹni tó ń rí i pé ọ̀tún ti di òsì. Ohun tí awò bá gbé mì, òdì ló ń gbé e."

Mo ní kó fi òwe sílẹ̀, kó jẹ́ kí n tún wo ewúrẹ́ mi.

Nígbà tí mo sọ fún un pé kó ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì fún mi, kó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Àwòrán tó jókòó la ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, Bàbá. Èyí ń rìn. Ẹ má jẹ́ ká fún òkú lẹ́sẹ̀."

"Bísíríyù, ṣé o ti jẹ itan ìgalà tí mo fún ọ ní àná?"

"Mo ti jẹ ẹ́, Bàbá."

"Ó dára. Pọ̀ ọ́ padà, tàbí kí o ya ọmọ mi."

Ó yà á. Ẹ̀ẹ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀. Nígbà tí a wọ aṣọ Táyé sí i lọ́rùn, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní aṣọ náà tutù. Ó ń fi ọwọ́ òsì nu ojú, èyí tí epo gbígbóná ti jó lọ́rùn ọwọ́ nígbà tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí ààrò, tí àpá rẹ̀ rí bí ewé. Mo wá ṣe ojú ẹdun fún un. Ẹ wò ó: èmi a na ètè jáde, èmi a yí ẹyinjú, etí mi méjèèjì a máa jó. Ẹdun gidi tó bá rí i yóò pè mí ní bọ̀dá. Kò sí ìgbà tí mo ṣe é tí Kẹ́hìndé kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Bísíríyù sì ya ẹ̀rín náà.

Ọ̀sán gangan la lọ wò ó nínú sítọ́ọ̀ kòkó. A ti fèrèsé, a ta aṣọ funfun sára ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń hu lóde, ẹ̀rọ Bísíríyù ń tu iná lu aṣọ náà. Kò sí ohùn. Ẹ̀rọ ìgbà náà kì í gba ohùn. Àwọn ọmọ méjì yọ lára aṣọ, wọ́n jókòó ti ara wọn, ọ̀kan rọra ń wo iwájú, èkejì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ bo ẹnu. Kẹ́hìndé jókòó lórí ẹní níwájú wa, ó ń wo ara rẹ̀.

Nígbà náà ni èyí tó wọ aṣọ Táyé dìde. A kò yà á bẹ́ẹ̀! Ó na ọwọ́ jáde kúrò nínú aṣọ náà bí ẹni na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ó di ọmọ mi mú, ó fà á wọlé. Àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń lọ, wọ́n ń kéré sí i, wọ́n di èèrà, wọ́n di òfo. Mo fọwọ́ kan ẹní. Ó ṣì ń gbóná.

Bísíríyù di ẹ̀rọ rẹ̀ mú. "Bàbá, bí iná yìí bá ṣì ń tàn, ọ̀nà ṣí. Àmọ́ epo jẹnẹrétọ̀ kò ní kọjá ìrọ̀lẹ́, a ò sì ní òmíràn. Bí iná bá kú, ẹni tó wà nínú wà nínú."

Ìyá Ìbejì kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ lo ní jẹ́ẹ́ kò tó. Lọ mú ọmọ mi wá." Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo gun orí eruku tó ń fò nínú iná náà bí ẹni gun òkúta la odò kọjá, mo sì wọ inú aṣọ lọ.

Ibodè kan ni mo kọ́kọ́ bá. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ àgbá irin, àbọ̀ rẹ̀ ṣí, àbọ̀ rẹ̀ dí, ó sì ń yí fìrìfìrì. Orí àwọn tó fẹ́ wọlé tí wọn kò yára tó wà nílẹ̀ bí àgbọn lọ́jà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ará ìlú dúró sí, kí n sì tó pe "hẹn" lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti kú nígbà mẹ́rìnlélógún, wọ́n ti jí nígbà mẹ́rìnlélógún. Ojú wọn rẹ̀ gidigidi. Ẹ jẹ́ kí ikú pa yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i bó ṣe ń rẹni.

"Ọdẹ, padà," oníbodè ní. Ó kú, ó jí. "Ẹni tó bá ṣẹ́jú níbí ti lọ."

"Ọmọ mi ni mò ń wá."

"Ọmọ méjì kọjá. Ọ̀kan ń fa èkejì." Ó kú, ó jí. "Èyí tí wọ́n ń fà ń pe bàbá rẹ̀."

Èmi ọdẹ, mo ti lúgọ de erin fún oṣù mẹ́ta rí láìṣẹ́jú, tí alántakùn ta òwú láti ìpéǹpéjú òkè sí ti ìsàlẹ̀. Mo tẹ ojú mọ́ àgbá náà, mo ka yíyí rẹ̀, mo bẹ́! Ó gé ìṣẹ́tí ẹ̀wù ọdẹ mi. Kò gé mi.

Ìlú kejì, ẹ̀yin ọmọ yìí, òun ló ṣì ń jí mi lójú oorun. Níbẹ̀, ohun gbogbo ń lọ bí oyin ní ìgbà ọyẹ́. Omijé tó bọ́ lójú ẹni ní ọdún yìí, àmọ́dún ni yóò kan ilẹ̀. Mo bá obìnrin kan tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè, ó ń sáré. Mo wo ibi tó ń sáré lọ. Ọ̀pẹ ni. Ọmọkùnrin kan ti já bọ́ lórí rẹ̀, ó wà ní àárín òkè àti ilẹ̀, ojú rẹ̀ là, igbá ẹmu rẹ̀ ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òwú.

Mo ní, "Ìyá, ẹ fara balẹ̀, èmi yóò gbà á." Mo na ọwọ́.

"Má kàn án!" Ohùn obìnrin náà jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni fa okùn nínú kànga. "Ọwọ́ rẹ yá jù. Bí o bá kàn án, yóò bá tìrẹ rìn, yóò sì balẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń já bọ́. Níwọ̀n ìgbà tí kò tíì balẹ̀, mo lọ́mọ."

Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo ní kó kú ìrọ́jú. Mo kọjá.

Ẹni kẹta ni ìyá arúgbó kan lójú ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ gùn jáde bí ọ̀pá ìbọn, tó ń nà, tó ń sún kì. Ìjàlọ ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún.

"Ìyá, ìjàlọ ń jẹ yín!"

"Ẹsẹ̀ ta ni?" ó ní. "Má dà mí láàmú. Mò ń wo obìnrin kan tó ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ ní etí òkun. Ó ti tàsé ihò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọdẹ, já àlọ́ mi kí n fi ọ̀nà hàn ọ́. Mo gbé ọ̀tún, ó gbé òsì. Mo sunkún, ó sunkún. Mo pè é, kò dáhùn. Kí ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá! Èyí tí ọmọ ọ̀mú ń já! Dígí ni! Ẹ wá èyí tó le, orí mi ń yún mi."

"O fi ẹnu mọ̀ ọ́n," arúgbó ní, kò sì yí ojú sí mi. "Bó o bá dé iwájú, kí o fi ojú mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà rẹ nìyẹn."

Mo fi í ṣẹ̀sín títí mo fi yípo ọ̀nà. Ẹ ṣáà máa rántí pé mo fi í ṣẹ̀sín.

Ààfin tí mo dé kò ní ògiri. Awò kan ṣoṣo ni, ó ga tó òkè, òrùka irin yí i ká bí ìpẹ́ akika, irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sì wà láàárín rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé bí òdòdó. Oòrùn yọ, ó pa ojú dé ku bí ihò abẹ́rẹ́. Ìkúùkùu bo oòrùn, ó là á gbàgà. Nínú ikùn rẹ̀ ni gbogbo èèyàn tí wọ́n ti yà rí láyé dúró sí, wọ́n tò bí ọkà nínú àká. Òun ni Ọba Olójúkan.

"Ọdẹ́rínlọ," ó ní, "o káàbọ̀, ọmọ ìyá mi. Ìwọ náà, bí o bá fẹ́ pa nǹkan, ṣebí ojú kan lo máa ń dì."

"Kábíyèsí, ẹ fún mi lọ́mọ mi."

"N kò jí i. O gbé e fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Mú ọ̀kan. Èyí tó kù di tèmi. Ojú ni kí o fi mú un. Ohùn kì í gba inú mi kọjá."

Wọ́n yọ lẹ́yìn awò, àwọn méjèèjì, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn, ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀. Àwọn méjèèjì ń sunkún. Ẹnu wọn ń pe "Bàbá", n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kígbe, "Kẹ́hìndé!" Kò kọjá. Iná tó wà lẹ́yìn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Epo ń tán lọ. Mo fi orí gbá awò náà. Mo bẹ̀ ẹ́. N kò bẹ nǹkan kan rí láyé mi.

Nígbà náà ni ọgbọ́n wá sí mi, tàbí ohun tí mo pè ní ọgbọ́n. Mo ní, kí ni ọmọ mi kì í rí kó má rẹ́rìn-ín? Mo na ètè jáde. Mo yí ẹyinjú. Etí mi jó. Mo ṣe ojú ẹdun níwájú Ọba Olójúkan.

Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín. Èkejì dákẹ́, ó wò mí bí ẹni pé n kò mọ̀ ọ́n mọ́, ó wá sunkún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń fi ọwọ́ gbá awò. Mo wo ọwọ́ èyí tó rẹ́rìn-ín. Àpá náà rèé bí ewé, ní òsì. Kí ni mo tún ń wá? Mo na ìka. "Èyí ni!"

Ọba Olójúkan pa ojú dé. Ó tún là á. Ọmọ náà ti wà ní ẹ̀gbẹ́ mi.

Mo gbé e kọ́rùn, mo sáré. Nígbà tí mo dé ìlú kejì, obìnrin tó ń sáré sí ìdí ọ̀pẹ wo ọmọ tó wà lọ́rùn mi, ó sì gbé ojú kúrò. Mo ní ìlara ni. Mo bẹ́ gba ibodè kọjá. Mo já sórí ẹní nínú sítọ́ọ̀ kòkó, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú. Aṣọ funfun di aṣọ funfun.

Ìyá Ìbejì gba ọmọ mọ́ra. Ó gbọ́ òórùn orí rẹ̀. Ó dúró. Ó rọra gbé ọwọ́ òsì ọmọ, ó yí i, ó wò ó, ó jọ̀ọ́ sílẹ̀. Ó gbé ọ̀tún: ibẹ̀ ni àpá náà wà.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "ọwọ́ wo ni epo jó lára ọmọ mi?"

Ọmọ náà wo ojú mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí Bísíríyù yà ni. Kò mọ òmíràn. Ọmọ tí mo bí wà lẹ́yìn awò, ó ń bẹ̀rù, bàbá rẹ̀ dé tán, ó wá ń ṣẹ̀fẹ̀. Báwo ni yóò ṣe rẹ́rìn-ín?

Bísíríyù wá epo lọ́jọ́ kejì. Fíìmù náà ti mọ́ gaara bí omi, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó kó kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ lójúde mi, ó lọ, kò sì ya ohun kan mọ́ títí ó fi kú. Ìyá Ìbejì ń bọ́ ọmọ tí mo mú wá, ó ń wẹ̀ ẹ́, kò fìyà jẹ ẹ́ rí, àmọ́ kò pè é lórúkọ. Ọdún kẹta ni Ìyá Ìbejì bá Táyé lọ.

Ọdún kọkànlélógójì rèé. Gbádébọ̀, ìwọ lo ní ẹ̀rín rẹ̀ dùn. Ọmọ ọdún mélòó lo pè é? Méje? Méje náà ni. Ó gbé omi fún ọ, o mu ún, o dúpẹ́. Má gbé igbá sílẹ̀ báyẹn. Kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ọmọ mi lòun náà. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ wá sáyé.

Nítorí náà, gbogbo sinimá tó bá dé àgbègbè yìí, mo lọ. Àwọn èèyàn ń wo àwọn tó ń jà níwájú; èmi ń wo ẹ̀yìn, ibi tí èrò ń kọjá. Yóò ti di obìnrin tó ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Ẹ̀yin tí awò yín ń rìn káàkiri ayé, ẹ bá mi wò ó. Ẹ má wo ọwọ́. Ọwọ́ ti tàn mí jẹ. Bí gbogbo èèyàn inú àwòrán yín bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹni tí kò rẹ́rìn-ín.

Mọ́rẹ̀nikẹ́, nu ojú rẹ. Ṣé lóòótọ́ ni pé tuntun yìí ń gba ohùn?

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ń gbà á."

Tan án. Sún mọ́ mi dáadáa. N kò ní ṣe ojú ẹdun. Ṣé iná pupa náà ti ń ṣẹ́jú?

Kẹ́hìndé. Bàbá rẹ rèé. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.